Báwo ni a ṣe ń wọn fíìmù kátúùnù olórin kí a tó gbé e síwájú ọmọ?

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, Àjàṣẹ́

Ẹ kú ilé o, gbogbo ẹ̀yin ará. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ní àdúgbò wa, nítòsí ọjà Ouando, àwa òbí mélòó kan ti fohùn ṣọ̀kan pé ní àsìkò ìsinmi gígùn yìí, a ó máa kó àwọn ọmọ jọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, a ó ta aṣọ funfun sára ògiri, a ó sì fi fíìmù kan hàn wọ́n. Àwọn ọmọ náà tó ogún. Èyí tó kéré jù jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, èyí tó dàgbà jù sì ti pé ọdún mọ́kànlá. Èmi ni wọ́n ní kí n yan fíìmù àkọ́kọ́, mo sì ti fẹ́ mú fíìmù kìnnìún tí ó jáde ní ọdún 1994, èyí tí àwọn elédè Faransé ń pè ní Le Roi Lion, nítorí pé mo ti mọ̀ ọ́n láti kékeré.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún un wò ní alẹ́ àná, ọkàn mi pín sí méjì. Orin rẹ̀ ṣì wọ̀ mí lára bíi ti àtijọ́, síbẹ̀ mo rí àwọn nǹkan tí n kò kíyè sí nígbà èwe: bí wọ́n ṣe fi ikú bàbá hàn ní gbangba, bí wọ́n ṣe sọ ìkookò di ẹni burúkú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìyá ọkọ mi tí ó jókòó tì mí wá bi mí ní ìbéèrè kan tí n kò rí dáhùn. Ó ní, “Kí ni iṣẹ́ tí orin yìí ń ṣe nínú ìtàn náà?” Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa orin, nípa àwòrán àti nípa ọmọ títọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí i. Kí ni ẹ máa ń wò kí ẹ tó sọ pé irú fíìmù bẹ́ẹ̀ dára, tàbí pé ó kù díẹ̀ káàtó?

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, Kétu

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá. Ìbéèrè tí ìyá ọkọ yín béèrè yẹn gan-an ni òṣùwọ̀n tí èmi ń lò, n kò sì tíì rí èyí tó sàn jù ú lọ. Ẹ rántí àlọ́ tí wọ́n pa fún wa ní kékeré. Orin inú àlọ́ kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Ọmọ tí ó sọnù sínú igbó, orin ni yóò fi pe ìyá rẹ̀. Ìjàpá tí ó fẹ́ wọ ilé tí kì í ṣe tirẹ̀, orin ni yóò fi ṣílẹ̀kùn. Bí apàlọ́ bá gbàgbé orin, ìtàn kò lè kọjá ibẹ̀, nítorí pé inú orin ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà. Nítorí náà, bí mo bá ń wo fíìmù kátúùnù olórin, mo máa ń béèrè lórí orin kọ̀ọ̀kan pé: bí a bá yọ orin yìí kúrò, kí ni ìtàn náà yóò pàdánù? Bí kò bá pàdánù nǹkan kan, a jẹ́ pé wọ́n kàn fi orin dí àyè ni.

Ẹ jẹ́ ká gbé fíìmù kìnnìún náà lé òṣùwọ̀n yìí. Orin gbòógì márùn-ún ni Elton John àti Tim Rice kọ sínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń kọ èyí àkọ́kọ́, tí oòrùn ń là bọ̀, kò sí ẹ̀dá ìtàn kankan tí ó la ẹnu sọ̀rọ̀. Síbẹ̀, kí orin náà tó parí, ọmọdé ti mọ̀ pé ìlú kan wà, pé ìlú náà ní ọba, pé ọba ti bí àrọ́lé, àti pé ẹranko ńlá àti kékeré ló wá kí i. Ẹ ro iye gbólóhùn tí òǹkọ̀wé ì bá ná sórí gbogbo èyí. Orin kejì ni ọmọ kìnnìún fi ń yangàn pé ara òun ti wà lọ́nà láti jọba, ó sì jẹ́ kí a rí àléébù ìwà rẹ̀ kí àléébù náà tó kó o sí wàhálà. Ẹ̀kẹta ni arákùnrin ọba fi ń kó àwọn ọlọ̀tẹ̀ jọ. Bí a bá yọ ọ́ kúrò, a kò ní mọ bí ọ̀tẹ̀ náà ṣe rí ẹsẹ̀ dúró sí.

Ẹ̀kẹrin ni mo fẹ́ràn jù. Orin náà ní kí ènìyàn má ṣe dààmú ara rẹ̀. Ọmọdé ni ẹ̀dá ìtàn náà nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Ó tẹ̀ lé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì gba orí igi kan tí ó dábùú, nígbà tí a ó sì fi rí i ní òpin igi náà, ó ti di géńdé tí gọ̀gọ̀ kún ọrùn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kò sì sí ọmọ tí yóò béèrè pé báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí pé orin ti gbé wọn sọdá. Mo ti wo ọ̀pọ̀ fíìmù ọmọdé tí orin inú wọn dùn ju èyí lọ, ṣùgbọ́n tí orin náà kò ṣe ìdajì iṣẹ́ yìí.

Èyí tí ó kẹ́yìn, orin ìfẹ́, ni mo rò pé ó rọ jù. Mo mọ̀ pé òun ló gba ẹ̀bùn Oscar fún orin tó dára jù lọ, ṣùgbọ́n ojú àgbàlagbà ni wọ́n fi dá a lẹ́jọ́. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi fíìmù náà hàn àwọn ọmọ kíláàsì mi, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń tọrọ àyè láti lọ mu omi. Mo máa ń kọ irú ibẹ̀ sílẹ̀, nítorí pé ibi tí ọmọdé ti dìde ni ibi tí fíìmù ti jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ bọ́ lára wọn.

Ọmọ Onílù, Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ kú ọ̀rọ̀, bàbá olùkọ́. Mo fara mọ́ òṣùwọ̀n yín, mo sì fẹ́ fi àpẹẹrẹ kan tì í lẹ́yìn. Fíìmù kan wà tí ó jáde ní ọdún 2013, Frozen ni orúkọ rẹ̀. Ọbabìnrin inú rẹ̀ ni àwọn tó ń ṣe é kọ́kọ́ fẹ́ fi ṣe òṣìkà ìtàn náà. Nígbà tí Kristen Anderson-Lopez àti ọkọ rẹ̀, Robert Lopez, kọ orin tí ọbabìnrin náà yóò fi sọ ìrora ọkàn rẹ̀ jáde, àwọn òǹkọ̀wé rí i pé ẹni tó ń kọ irú orin yìí kò lè jẹ́ òṣìkà, wọ́n sì tún ìtàn náà kọ nítorí orin kan ṣoṣo. Nígbà tí orin bá lágbára débẹ̀, kò sí ẹni tí yóò tún sọ pé ọ̀ṣọ́ lásán ni.

Ìdílé onílù ni wọ́n bí mi sí, nítorí náà etí ni mo kọ́kọ́ máa ń fi wo fíìmù. Mo máa ń di ojú mi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́. Ohun tí mo ń wá ni bóyá ọ̀rọ̀ orin ń dé etí mi láìjẹ́ pé ìlù àti fèrè bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn ará Kétu mọ ohun tí mo ń sọ. Ní òru Ẹ̀fẹ̀, kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jáde ní ọjọ́ kejì, bí ọ̀rọ̀ ẹnu akọrin kò bá yé èrò ìwòran, iṣẹ́ rẹ̀ ti bàjẹ́, bó ti wù kí ohùn rẹ̀ dùn tó, nítorí pé ọ̀rọ̀ ni gbogbo ìlú wá gbọ́. Nígbà tí àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ọdún 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún tó yẹ kí gbogbo ayé dáàbò bò, orin wà lára ohun tí wọ́n ń dáàbò bò, kì í ṣe agọ̀ àti ijó nìkan. Ohun kejì tí mo ń wá ni ègbè. Orin ọmọdé tó dára gbọ́dọ̀ ní ibi tí ọmọ yóò ti gbè é nígbà kejì tí ó bá gbọ́ ọ, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. Bí ohùn rẹ̀ bá ga jù tàbí tí ó bá gùn jù fún èémí ọmọ ọdún márùn-ún, ọmọ yóò máa wò ó bí ẹni ń wo ìjókòó àgbà.

Lórí fíìmù kìnnìún, ohùn àkọ́kọ́ tí ó ké jáde nígbà tí oòrùn ń là jẹ́ ohùn Lebo M, ọmọ Soweto ní Gúúsù Áfíríkà, èdè Zulu ni ó sì ń sọ. N kò gbọ́ Zulu, ṣùgbọ́n ara mi bù máṣọ ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Hans Zimmer ni ó to orin abẹ́lẹ̀ rẹ̀, òun náà sì gba ẹ̀bùn Oscar tirẹ̀. Àléébù tí mo rí ni pé lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀ tó lágbára yẹn, wọ́n ti ohùn Áfíríkà sẹ́yìn di elégbè. Nígbà tí ẹ̀dá ìtàn bá la ẹnu kọrin, orin ìgbàlódé ti ilẹ̀ òyìnbó ló ń jáde. Wọ́n tún da gbogbo wa pọ̀ sínú ìkòkò kan: orin Zulu láti gúúsù, orúkọ Swahili láti ìlà-oòrùn, bí ẹni pé ilẹ̀ wa jẹ́ abúlé kan ṣoṣo. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé “simba” jẹ́ kìnnìún ní èdè Swahili, pé “rafiki” jẹ́ ọ̀rẹ́, àti pé ibi tí wọ́n ti ń sọ èdè náà jìnnà sí wa gidigidi.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù tí ó máa ń dùn mí. Ibì kan wà nínú fíìmù náà tí àwọn ọ̀rẹ́ méjì yẹn ti kọ ìlà díẹ̀ nínú orin kan nípa kìnnìún tó sùn. Ọwọ́ Solomon Linda, ọmọ Zulu tí ó gba orin “Mbube” sílẹ̀ ní ọdún 1939, ni orin yẹn ti wá. Àwọn ẹlòmíràn jẹ èrè ńlá lórí rẹ̀, òun sì kú ní ọdún 1962 nínú òṣì. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní láti gbé ilé-iṣẹ́ Disney lọ sí ilé-ẹjọ́ kí wọ́n tó yanjú ọ̀ràn náà ní ọdún 2006. Èmi gbà pé ẹni tó ń ṣe lámèyítọ́ fíìmù olórin gbọ́dọ̀ béèrè ẹni tó ni orin, kí ó sì béèrè ohun tó dé ọwọ́ ẹni náà.

Bàbá Ọlọ́mọ Mẹ́rin, Kétu

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú làákàyè. Èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ìtàn fúnra rẹ̀, nítorí pé orin dídùn lè gbé ọ̀rọ̀ tí kò dára wọ inú ọmọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura.

Nínú fíìmù yẹn, ibi òkùnkùn tí egungun kún ni àwọn ìkookò ń gbé, ebi ń pa wọ́n, ìlú ọba kò sì fẹ́ rí wọn. Kò sí ẹni tó béèrè ìdí tí ebi fi ń pa wọ́n. Nígbà tí wọ́n rí àyè wọlé, ilẹ̀ náà gbẹ, odò gbẹ. Nígbà tí ọba tòótọ́ padà, òjò rọ̀. Ọmọ tó bá wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́wàá yóò gbà nínú ọkàn rẹ̀ pé àwọn ènìyàn kan wà tí wọ́n ń ba ilẹ̀ jẹ́ nítorí irú ẹni tí wọ́n jẹ́. Àwa tí a ń gbé ní ẹ̀gbẹ́ ẹnubodè, tí a mọ bí wọ́n ṣe ń wo àlejò nígbà tí nǹkan bá le, kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí kọjá lójú wa.

Kì í tilẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ ni ẹranko wọ̀nyí rí. Ìkookò ara tótòtó máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ẹran tí ó ń jẹ, kìnnìún sì máa ń já ẹran gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Láàárín kìnnìún, abo ló ń ṣe ọdẹ jù, abo ló sì máa ń wà nínú agbo tí wọ́n bí i sí títí ayé. Akọ ni ó máa ń kúrò nílé lọ wá agbo mìíràn. Ṣùgbọ́n nínú fíìmù náà, àwọn abo kìnnìún jókòó sínú ìyà, wọ́n ń dúró de akọ kan kí ó wá gbà wọ́n. Mo ní ọmọbìnrin mẹ́ta. Ibẹ̀ yẹn ni mo ti dá fíìmù náà dúró, tí mo sì bi wọ́n pé, “Kí ló dé tí àwọn wọ̀nyí kò para pọ̀ lé e jáde?” A sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ fún bíi wákàtí kan. Mo tún sọ fún wọn pé kìnnìún kì í ṣe ẹranko inú fíìmù nìkan: ó ń bẹ ní orílẹ̀-èdè wa, ní Pendjari lókè lọ́hùn-ún, àti pé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú kìnnìún tó ṣẹ́ kù ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló wà nínú igbó àìro tí àwa àti Burkina Faso àti Niger jọ ni.

Mo sọ gbogbo èyí, síbẹ̀ n kò sọ pé kí ẹ má fi í hàn wọ́n. Fíìmù tí ó ní àléébù tí a lè jíròrò sàn ju èyí tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú lọ.

Ayàwòrán, Àjàṣẹ́

Ọ̀rọ̀ mi kò ní gùn. Bí onílù ṣe ń di ojú, èmi ń pa ohùn ẹ̀rọ. Ẹ wo fíìmù náà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìsí ohùn. Bí ọmọ bá ṣì lè sọ ẹni tí inú ń bí, ẹni tí ẹ̀rù ń bà àti ẹni tó ń purọ́, ayàwòrán ti ṣiṣẹ́ rẹ̀. Àwòrán 24 ni ó ń kọjá lójú wa láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ya èyí tó pọ̀ jù nínú fíìmù ọdún 1994 náà. Ibi tí agbo ẹranko oníwo ti ya lu àfonífojì ni wọ́n ní láti fi kọ̀ǹpútà ṣe, ó sì gbà wọ́n tó ọdún mẹ́ta láti parí ibi tí kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Ẹ tún wo àwọ̀: nígbà tí arákùnrin ọba ń kọrin ọ̀tẹ̀, èéfín àti iná aláwọ̀ ewé ló gba ojú fíìmù, nígbà tí ó jọba, gbogbo ilẹ̀ di eérú. Ọmọ kò ní sọ pé òun rí àwọ̀, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ yóò mọ̀.

Fíìmù kan náà wà tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 2019, tí kọ̀ǹpútà mú kí ẹranko inú rẹ̀ dà bí ẹranko gidi. Èyí tí ẹ fẹ́ rà, ẹ rí i dájú pé ti ọdún 1994 ni. Ojú kìnnìún gidi kò mọ bí a ṣe ń sunkún tàbí bí a ṣe ń rẹ́rìn-ín, nítorí náà nígbà tí ẹranko inú fíìmù tuntun bá ń kọrin, ẹnu rẹ̀ ń mì, ojú rẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Iṣẹ́ ọwọ́ tó díjú ni, ṣùgbọ́n orin àti ojú kò bá ara wọn rìn.

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, Àjàṣẹ́

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà mi. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Ìbéèrè méjì ló kù. Àwọn òbí kan ní kí n kúkú fi fíìmù Kirikou et la Sorcière (Kirikou àti Àjẹ́) rọ́pò rẹ̀, nítorí pé ìtàn Áfíríkà ni. Ṣùgbọ́n ìhòòhò ni ọmọ inú rẹ̀ wà, àwọn obìnrin ibẹ̀ kò sì bo àyà, ojú sì ń ti àwọn òbí kan. Ìkejì ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ kékeré kò tíì gbọ́ Faransé dáadáa. Arákùnrin kan ní àdúgbò wa ní òun lè túmọ̀ àwọn orin náà sí Yorùbá, kí òun sì kọ ọ́ sórí ohùn orin kan náà nígbà tí fíìmù bá ń lọ. Ṣé kí n gbà fún un?

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, Kétu

Lórí Kirikou, ẹ má jẹ́ kí ìhòòhò dí yín lọ́wọ́. Michel Ocelot tí ó ṣe é ní ọdún 1998 lo ìgbà èwe rẹ̀ ní Conakry ní ilẹ̀ Guinea, bí ó sì ṣe rí i tí àwọn ènìyàn ń rìn láìsí ìtìjú ni ó ṣe yà á. Ọ̀pọ̀ olùtajà fíìmù ní òkè òkun ni ìhòòhò náà kọ lóminú. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé ayé àtijọ́ ni, wọn yóò sì gbàgbé rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo ti dán an wò.

Youssou N'Dour ti Senegal ni ó ṣe orin inú rẹ̀, ohun èlò orin ilẹ̀ wa ni ó sì lò. Orin kò pọ̀ níbẹ̀ bíi ti fíìmù kìnnìún, ẹni tó bá ń wá orin ní gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò ní rí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí Kirikou bá gba àwọn ọmọ abúlé sílẹ̀, wọ́n a máa kọrin yìn ín pé kékeré ni, akin sì ni, bí a ṣe ń ki ènìyàn ní oríkì lẹ́yìn iṣẹ́ ńlá. Ìdí tí mo fi gbé e ga ni ìbéèrè tí ọmọ náà ń béèrè láti ìbẹ̀rẹ̀: kí ló dé tí Karaba, àjẹ́ inú ìtàn náà, fi burú? Àwọn àgbà abúlé kò rí ìdáhùn fún un, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ bàbá àgbà rẹ̀, ẹni tí ó sọ fún un pé ẹ̀gún kan ni wọ́n fi tipátipá gún mọ́ obìnrin náà lẹ́yìn. Bàbá Ọlọ́mọ Mẹ́rin sọ lókè pé kò sí ẹni tó béèrè ìdí tí ebi fi ń pa àwọn ìkookò. Nínú fíìmù yìí, wọ́n béèrè. Bí ẹ bá fi fíìmù méjèèjì hàn wọ́n, ọ̀sẹ̀ kan sí èkejì, àwọn ọmọ fúnra wọn yóò rí ìyàtọ̀ náà.

Ọmọ Onílù, Ṣábẹ̀ẹ́

Lórí ìbéèrè kejì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbà fún arákùnrin náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú rere ló fi sọ ọ́. Èdè wa kì í ṣe èdè tí a lè dà sórí ohùn orin tí ẹlòmíràn ti tò sílẹ̀. Ẹ mú ọ̀rọ̀ náà “kìnnìún”. Ìsàlẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀, òkè ni ó parí sí. Bí ohùn orin òyìnbó bá ń sọ̀kalẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ yẹn bọ́ sí, etí ọmọ kò ní gbọ́ kìnnìún mọ́, yóò gbọ́ ohun kan tí kò nítumọ̀. Ó tilẹ̀ sàn bí kò bá nítumọ̀. Èyí tó burú ni kí ó ní ìtumọ̀ mìíràn. Ẹni tí ó fẹ́ kọ “ìgbà” lórí ohùn tó ń gòkè lè di ẹni tó ń kọrin ìgbá tàbí igbá níwájú ogún ọmọ.

Àwọn ìjọ wa ti rí ìṣòro yìí láti ìgbà àwọn ajíhìnrere. Wọ́n túmọ̀ orin ìsìn, wọ́n fi ohùn orin òyìnbó sílẹ̀ bó ṣe wà, títí di òní sì ni a ń kọ àwọn orin kan tí ó jẹ́ pé inú ìwé nìkan ni ọ̀rọ̀ wọn ti ń yé wa. Àwọn bíi J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin tí ohùn rẹ̀ ń tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá, àwọn kan nínú wọn ni ó sì kọ sínú àwo ní London ní ọdún 1922. Ó lè ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ tún ohùn orin tò, kì í ṣe kí ó kàn pààrọ̀ ọ̀rọ̀. Nínú fíìmù, ìṣòro kan tún wà lórí rẹ̀: wọ́n ti ya ẹnu ẹ̀dá ìtàn náà bá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mu tẹ́lẹ̀, ẹni tó ń túmọ̀ sì gbọ́dọ̀ bá ẹnu náà rìn pẹ̀lú.

Mo fẹ́ kí ó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan. Wọ́n ti fi Zulu ṣe fíìmù kìnnìún yẹn. Ní ọdún 2017, wọ́n fi èdè Tahiti àti èdè Maori ṣe fíìmù Moana, àwọn tó ń sọ èdè méjèèjì yìí kò sì tó wa rárá. Yorùbá tó bẹ́ẹ̀ ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ akọrin, akéwì àti onílù tó jókòó pọ̀ fún oṣù púpọ̀ ni, kì í ṣe ti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan. Fún tiyín, ẹ jẹ́ kí orin máa lọ ní èdè tí wọ́n fi kọ ọ́. Kí ẹnì kan pa ìtàn náà ní Yorùbá fún àwọn ọmọ kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àlọ́, kí ó sì máa fi gbólóhùn kan tàbí méjì sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí orin kò bá lọ. Ọmọ tó ti mọ ìtàn yóò gbọ́ orin.

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, Àjàṣẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. A ti ṣe é, mo sì padà wá jábọ̀ fún yín. Ìyá ọkọ mi ni ó pa ìtàn náà ní àlọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó fi orin tirẹ̀ sí i níbi tí bàbá kìnnìún ti ń sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kí ó má ṣe kọjá ààlà, àwọn ọmọ sì gbè é. Fíìmù náà gba ìṣẹ́jú 88, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ibi tí a ti dá a dúró, ó lé ní wákàtí méjì.

Nígbà tí bàbá kú, tí ọmọ kìnnìún rá sí abẹ́ apá rẹ̀, gbogbo àgbàlá dákẹ́. Mo ti gbé ọmọ ọdún mẹ́rin yẹn sórí ẹsẹ̀ mi ṣáájú, kò sunkún. Ọmọkùnrin ọdún mẹ́jọ kan tí bàbá rẹ̀ ti ṣaláìsí ní kí a tún ibẹ̀ fi hàn òun. A fi hàn án. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa bàbá rẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ohun tí ìyá rẹ̀ sọ fún mi pé kò ṣe rí. Mo ti fẹ́ fo ibẹ̀ kọjá tẹ́lẹ̀. Inú mi dùn pé n kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Bàbá olùkọ́, òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yín lórí orin ìfẹ́: ọmọ mẹ́fà ló dìde. Bàbá Ọlọ́mọ Mẹ́rin, kí n tó ṣí ẹnu ni ọmọbìnrin ọdún mẹ́wàá kan ti béèrè ìdí tí àwọn abo kìnnìún fi jókòó. Lórí ìkookò, èmi ni mo béèrè, ìdáhùn wọn kò sì bára mu rárá. A fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí di Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, tí a ó wo Kirikou.

Ohun kan ṣoṣo ló bà mí nínú jẹ́, ẹ̀yin onílù. Gbohùngbohùn tí a yá kò gbé ọ̀rọ̀ orin jáde dáadáa, ohùn ìlù rẹ̀ ń dún kíkankíkan, ọ̀rọ̀ sì ń rì sínú rẹ̀. Ǹjẹ́ ohun kan wà tí a lè ṣe sí i?

Ọmọ Onílù, Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ gbé e kúrò nílẹ̀, ìyá. Ẹ gbé e sórí àga gíga tí ó bá etí ọmọ tó jókòó dọ́gba, ẹ má sì jẹ́ kí ó fara ti ògiri, pàápàá igun ògiri, nítorí pé igun ló ń mú kí ohùn ìsàlẹ̀ pọ̀ jù. Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kan lọ jókòó sí ibi tí ọmọ tó jìnnà jù yóò jókòó sí, kí ó fi orin kan dán an wò. Bí ẹni náà bá lè tún ọ̀rọ̀ orin sọ fún yín, ẹ lè pe àwọn ọmọ wọlé.